Níbo ni Ààlà Wà? Èrò lórí Òòfà Ara nínú Àwòrán Òkùnkùn

Àwọn baba wa a máa wí pé ojú l'ọ̀rọ̀ wà. Nígbà tí a wà ní ọmọdé, a rò pé ìtumọ̀ òwe yìí kò ju pé kí ẹni méjì tí ó ní ẹjọ́ pàdé ara wọn lọ. Ṣùgbọ́n bí a ti ń dàgbà, tí a sì ń kọ́ àwọn ọ̀dọ́, a wá rí i pé òwe náà jinlẹ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Níbi tí ojú ènìyàn bá wà, ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ wà. Níbi tí a bá sì ti mú ojú ènìyàn kúrò, ó di dandan kí a bèèrè ohun tí a fi dípò rẹ̀. Orí òwe yìí ni a fẹ́ gbé ọ̀rọ̀ wa kà, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ọ̀rọ̀ náà wúwo, tí kì í sì í ṣe irú èyí tí ẹnikẹ́ni ń retí láti ẹnu olùkọ́ ìjọ.

Ní ọdún díẹ̀ sẹ́yìn, ní ilé-ẹ̀kọ́ kan tí a ti ń kọ́ àwọn olùkọ́, èyí tí a kì yóò dárúkọ, a rí ìwé àwòrán kan lábẹ́ ìrọ̀rí ọ̀dọ́mọkùnrin kan. Àwòrán ọkùnrin ni ó kún inú rẹ̀. Àwọn mìíràn wà ní ìhòòhò, àwọn mìíràn bo ojú, àwọn mìíràn sì fi awọ àti okùn di ara. A pe àwa mẹ́ta jọ láti gbọ́ ọ̀ràn náà. Ọ̀dọ́mọkùnrin náà dọ̀bálẹ̀, ó ní, “Ẹ jọ̀wọ́, sà, ẹ wo ìwé náà kí ẹ tó dá mi lẹ́jọ́. Ọmọ wa ni ó ya àwọn àwòrán náà. Ọmọ Yorùbá ni.” Àwa kò wò ó. Ẹnìkan nínú wa ti ṣí ojú ewé kan, ó sì ti pa á dé, èyí sì tó fún wa. A sun ìwé náà ní ẹ̀yìn ilé ìdáná kí ilẹ̀ tó ṣú. Ọ̀dọ́mọkùnrin náà kó ẹrù rẹ̀ ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, a kò sì rí i mọ́.

Láti ọjọ́ náà ni ìbéèrè kan kò ti jẹ́ kí a sinmi: ààlà wo ni a rékọjá nínú ìwé náà, ta ni ó sì fi ààlà náà sí ibẹ̀? A kò lè dáhùn, nítorí a kò wo ohun tí a dá lẹ́bi. Nítorí náà ni a ṣe wá irú àwọn àwòrán bẹ́ẹ̀ kàn lẹ́yìn náà, a sì fi sùúrù kà nípa àwọn tí ó yà wọ́n. Ohun tí a rí ni a fẹ́ gbé ka iwájú ẹ̀yin òǹkàwé wa.

Kí a tó tẹ̀ síwájú, ẹ jẹ́ kí a sọ ohun tí ọ̀rọ̀ wa kì í ṣe. A kò wá láti ṣe àríyànjiyàn nípa bóyá ó yẹ kí ọkùnrin fẹ́ràn ọkùnrin. Ẹ̀kọ́ ìjọ wa lórí rẹ̀ kò fara sin, bẹ́ẹ̀ ni òfin ilẹ̀ wa ti 2014 kò fara sin, èyí tí ó ní ẹ̀wọ̀n ọdún 14 nínú fún ọkùnrin méjì tí ó bá so ara wọn pọ̀ bí tọkọtaya, àti ọdún 10 fún ẹni tí ó bá fi irú ìfẹ́ bẹ́ẹ̀ hàn ní gbangba. Ìbéèrè tiwa yàtọ̀. Nígbà tí oníṣẹ́ ọnà bá mú òòfà ara ṣe ohun èlò iṣẹ́ rẹ̀, tí ó sì bá a wọ inú òkùnkùn lọ, níbi tí ìfẹ́ àti ìrora, ìdè àti ìgbádùn ti ń pàdé, ibo ni ó yẹ kí ó dúró? Ẹni tí ó bá rí ìdáhùn sí èyí yóò lè fi í wo àwòrán ọkùnrin àti obìnrin pẹ̀lú, tí ó kún ojú pópó wa, tí ẹnikẹ́ni kò sì sun.

Orúkọ tí àwọn Òyìnbó ń pe irú iṣẹ́ ọnà yìí, ìyẹn fetish, kì í ṣe àjèjì sí etíkun wa. Láti inú ọ̀rọ̀ àwọn ará Pọ́túgà, feitiço, ni ó ti wá, èyí tí àwọn oníṣòwò wọn fi ń pe oògùn àti ohun ìbọ tí wọ́n bá ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà. Ní 1760 ọmọ Faransé kan, Charles de Brosses, sọ ọ́ di orúkọ fún odidi irú ìsìn kan, àwọn míṣọ́nnárì sì lò ó lẹ́yìn rẹ̀. Nígbà tí ó di 1887, ọmọ Faransé mìíràn, Alfred Binet, tí ń ṣe ìwádìí nípa ọkàn ènìyàn, fi ọ̀rọ̀ kan náà pe ohun tí ó rí láàárín àwọn ènìyàn tirẹ̀: àwọn tí bàtà, tàbí aṣọ, tàbí ẹ̀yà ara kan ṣoṣo ń fà ju odidi ènìyàn lọ. Orúkọ tí wọ́n fi bú àwọn baba wa padà lọ sùn ní ilé àwọn tí ó sọ ọ́.

Ẹ̀sùn kan náà ni ó wà nínú ìlò méjèèjì, èyí nì ni pé ènìyàn mú ohun tí ó tọ́ sí ẹni ńlá, ó fi fún ohun kékeré. Ṣùgbọ́n a mọ̀ nísinsin yìí pé a ṣi àwọn baba wa gbọ́ púpọ̀. Ẹni tí ó kúnlẹ̀ níwájú ère kò rò pé igi ni òun ń bá sọ̀rọ̀. Ohun tí ó gbàgbọ́ pé ó wà lẹ́yìn igi ni ó ń wò. Bí ó bá rí bẹ́ẹ̀, ó yẹ kí a ṣọ́ra kí a tó sọ pé awọ àti ẹ̀wọ̀n nìkan ni ẹni tí ń wo irú àwòrán wọ̀nyí ń rí. Ó lè jẹ́ pé ènìyàn ni ó ń wá lẹ́yìn awọ náà. Ó sì lè jẹ́ pé kò wá ènìyàn kankan mọ́. Láàárín méjèèjì yìí ni a rò pé ààlà wà.

Ọ̀pọ̀ ènìyàn yóò wí pé òfin ni kí ó fi ààlà hàn wá. Ẹ jẹ́ kí a wo ohun tí òfin ti ṣe. Ní ìlú New York, láàárín ọdún 1970 sí 1980, Robert Mapplethorpe, ọmọ Amẹ́ríkà, ya àwòrán àwọn ọkùnrin tí ń fi awọ, ẹ̀wọ̀n àti ìrora ṣe eré ìfẹ́. Ó kó 13 nínú wọn jọ ní 1978, ó sì pe àkójọ náà ní X Portfolio. Àrùn AIDS pa á ní March 1989. Ní June ọdún kan náà, ilé iṣẹ́ ọnà Corcoran ní Washington fagi lé àfihàn iṣẹ́ rẹ̀ kí wọ́n tó ṣí i. Ní April 1990 wọ́n gbé àfihàn náà dé Contemporary Arts Center ní ìlú Cincinnati, ní ọjọ́ tí wọ́n sì ṣí i fún gbogbo ènìyàn ni a fi ẹ̀sùn kan ilé náà àti ọ̀gá rẹ̀, Dennis Barrie. Nínú àwòrán 175 tí ó wà níbẹ̀, 7 ni ẹ̀sùn dá lé: 5 jẹ́ ti àwọn ọkùnrin wọ̀nyí, 2 sì jẹ́ ti ọmọdé. Àwọn ará ìlú mẹ́jọ ni a yàn láti gbọ́ ẹjọ́ náà. Gẹ́gẹ́ bí ìdájọ́ ilé-ẹjọ́ gíga wọn ti 1973, wọn kò lè dá olùjẹ́jọ́ lẹ́bi bí iṣẹ́ náà bá ní láárí gẹ́gẹ́ bí iṣẹ́ ọnà. Ní October 5, 1990, wọ́n dá wọn láre.

Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ọ̀nà mìíràn ni ọ̀rọ̀ gbà. Fọ́nrán fídíò kan bọ́ sí ọwọ́ àwọn ọlọ́pàá, nínú èyí tí àwọn ọkùnrin kan ti ń pa ara wọn lára nítorí ìgbádùn, tí gbogbo wọn sì ti fohùn ṣọ̀kan lé e lórí. Ní 1993 àwọn adájọ́ Ilé Ìgbìmọ̀ Àwọn Olóyè dá wọn lẹ́bi, mẹ́ta sí méjì. Ilé-ẹjọ́ ilẹ̀ Yúróòpù kò sì yí i padà ní 1997. Ní ilẹ̀ Finland ẹ̀wẹ̀, Touko Laaksonen, tí gbogbo ayé mọ̀ sí Tom of Finland, fi pẹ́ńsù ya àwọn ọkùnrin aláwọ àti alágbára fún ọdún púpọ̀, títí ó fi kú ní 1991. Ní 2014, ọdún kan náà tí òfin tiwa jáde, ilé ìfìwéránṣẹ́ Finland tẹ àwòrán rẹ̀ sórí sítáǹpù tí a ń lẹ̀ mọ́ lẹ́tà.

Ẹ kò ha rí i? Ohun tí a sọ sí ẹ̀wọ̀n níhìn-ín ni a ń lẹ̀ mọ́ lẹ́tà lọ́hùn-ún. Òfin dà bí ọgbà tí a yí oko ká. Ọgbà ń lé ewúrẹ́, a kò sì lè ṣe aláìní i. Ṣùgbọ́n kì í sọ fún àgbẹ̀ ohun tí ó yẹ kí ó gbìn. Nítorí náà, a ní láti wọ inú oko náà fúnra wa.

Ẹ jẹ́ kí a gbé àwòrán méjì tí Mapplethorpe yà sí ẹ̀gbẹ́ ara wọn. Ní 1978 ó ya ara rẹ̀. Ó wọ awọ, ó kọ ẹ̀yìn sí wa, ó sì lo bílálà ní ọ̀nà tí a kì yóò ṣe àlàyé rẹ̀ níhìn-ín. Àwòrán náà le púpọ̀ fún ojú. Ṣùgbọ́n ó yí orí padà, ó sì ń wò wá. Ẹni tí a bá ká mọ́ inú ìtìjú a máa rẹ ojú sílẹ̀. Ọkùnrin yìí kò ṣe bẹ́ẹ̀. Òun ni ó yàn án, òun ni ó gbé e kalẹ̀, ó sì fi ojú rẹ̀ dúró tì í. Ní 1980 ó ya ọkùnrin aláwọ̀ dúdú kan tí ó wọ kóòtù àti ṣòkòtò bí akọ̀wé, tí ìhòòhò rẹ̀ sì yọ síta. Àwòrán náà bẹ̀rẹ̀ láti àyà, ó sì parí sí ìtòsí orúnkún. Kò ní orí. A kò mọ̀ bí ó ń rẹ́rìn-ín tàbí bí ó ń bínú. Ẹ̀yà ara kan ṣoṣo ni a ní kí a wò.

Kobena Mercer, òǹkọ̀wé aláwọ̀ dúdú kan tí ó wà ní London, fi ẹ̀sùn kan irú àwòrán yìí ní 1986. Ó ní Mapplethorpe sọ ọkùnrin aláwọ̀ dúdú di ohun èlò fún ojú aláwọ̀ funfun. Lẹ́yìn ọdún díẹ̀ ó tún wò wọ́n, ó sì jẹ́wọ́ pé òun yára jù. Pé òun pẹ̀lú, tí í ṣe ọkùnrin tí ó fẹ́ràn ọkùnrin, wà lára àwọn tí ń fi ojú ìfẹ́ wò wọ́n, àti pé àwòrán náà lè mú kí ẹni tí ń wò ó bèèrè ohun tí ó ń wá. Kò fagi lé ẹ̀sùn rẹ̀ àkọ́kọ́ pátápátá. Ó kàn fi ara rẹ̀ sínú ẹjọ́ náà ni. A rò pé bẹ́ẹ̀ ni ó yẹ kí onídàájọ́ ṣe.

Síbẹ̀, ohun kan hàn gbangba. Ìwọ̀n ìhòòhò kọ́ ni ó ya àwòrán méjèèjì sọ́tọ̀. Ti àkọ́kọ́ le ju ti èkejì lọ, ṣùgbọ́n nínú ti àkọ́kọ́ ni a ti pàdé ènìyàn. Nígbà náà ni a rò pé a ti rí òfin wa: níbi tí ojú bá wà, kò tíì kọjá ààlà, níbi tí a bá ti gé orí kúrò, ó ti kọjá.

Ṣùgbọ́n ọmọ wa tí ọ̀dọ́mọkùnrin náà sọ̀rọ̀ rẹ̀ ni ó ba òfin yìí jẹ́ mọ́ wa lọ́wọ́. Rotimi Fani-Kayode ni orúkọ rẹ̀. Èkó ni a bí i sí ní 1955, nínú ìdílé tí ń tọ́jú ojúbọ Ifá ní Ifẹ̀. Lẹ́yìn ìdìtẹ̀ àwọn ológun ní 1966, àwọn òbí rẹ̀ kó ilé wọn lọ sí Brighton ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ó kàwé ní Amẹ́ríkà, ó mọ Mapplethorpe ní New York, ó padà sí London ní 1983, ó sì wà lára àwọn tí ó dá ẹgbẹ́ àwọn ayàwòrán aláwọ̀ dúdú sílẹ̀ ní 1988. Ó kú ní December 1989, kò tíì pé ọdún 35. Ó kọ ọ́ sílẹ̀ pé àjèjì ni òun ní ọ̀nà mẹ́ta: nípa ẹni tí òun fẹ́ràn, nípa ilẹ̀ tí òun ń gbé, àti nítorí pé òun kò di irú ọmọ tí àwọn òbí òun ń retí.

Ní 1987 ó ya àwòrán kan tí ó pè ní Sonponnoi. Ara ọkùnrin ni, tí a fi ẹfun àti àwọ̀ dúdú tò ní kíkàn-kíkàn, tí ó sì gbé àbẹ́là mẹ́ta tí ń jó sí abẹ́ ìdodo. Kò ní orí! Gẹ́gẹ́ bí òfin tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣe, ó yẹ kí a dá a lẹ́bi. Ṣùgbọ́n ọmọ Yorùbá wo ni yóò rí àwọn àmì wọ̀nyí tí kò ní mọ ẹni tí à ń wí? Baba Olóde ni, ẹni tí àwọn àgbà kì í dárúkọ rẹ̀ lásán, ẹni tí wọ́n gbàgbọ́ pé ó ń fi ilẹ̀gbóná jà, tí ó sì tún ń wò ó sàn. Àjọ Ìlera Àgbáyé ti kéde ní 1980 pé àrùn náà ti parí láyé, ṣùgbọ́n àrùn mìíràn ti dé ní ọdún tí a ya àwòrán yìí, ó sì ń pa àwọn ọ̀rẹ́ ayàwòrán náà. Ara tí gbogbo ènìyàn ń sá fún ni ó tan fìtílà lé lórí. A kò gé orí rẹ̀ kí ẹnikẹ́ni lè rà á; a bò ó gẹ́gẹ́ bí agọ̀ ti ń bo eégún. Nígbà tí eégún bá jáde, a kì í rí ojú rẹ̀, ṣùgbọ́n ta ni yóò wí pé kò sí ẹnìkan níbẹ̀?

Nítorí náà a tún òfin wa ṣe. Kí a má bèèrè bóyá a bo ojú nìkan. Kí a bèèrè ohun tí ìbòjú náà ṣe fún ẹni tí ó wọ̀ ọ́. Ìbòjú kan ń fi kún ènìyàn. Òmíràn ń yọ ènìyàn kúrò, kí ara rẹ̀ lè ṣẹ́ kù fún ìlò.

Bẹ́ẹ̀ ni ẹ̀wọ̀n pẹ̀lú. Àwọn tí wọ́n mọ eré òkùnkùn yìí sọ pé kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀, wọn a fohùn ṣọ̀kan lórí ọ̀rọ̀ kan, tí ó jẹ́ pé bí ẹni tí a dè bá sọ ọ́, ohun gbogbo yóò dúró lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Èyí ni pé ọwọ́ ẹni tí a dè ni kọ́kọ́rọ́ wà. Ṣùgbọ́n ẹ̀wọ̀n wà ní Badagry pẹ̀lú, èyí tí a fi dè àwọn ènìyàn wa lọ sí Brazil àti Cuba. Kò sí ọ̀rọ̀ kan tí àwọn wọ̀nyẹn lè sọ kí a tú wọn sílẹ̀. Àwòrán tí ó bá yá dídán ẹ̀wọ̀n kejì yìí lò láti fi ṣe ẹwà, tí kò sì rántí àwọn tí ó wọ̀ ọ́, ti kọjá ààlà, ìbáà jẹ́ pé aṣọ bo gbogbo ara ẹni tí ó wà nínú rẹ̀. Tom of Finland mọ èyí nígbẹ̀yìn. Aṣọ àwọn ológun Nazi wà nínú àwọn àwòrán rẹ̀ kan ti ìgbà àtijọ́, ó sì ní láti sọ ní gbangba pé òun kò bá ìlànà wọn lọ. Ọmọdé ẹ̀wẹ̀ kò ní kọ́kọ́rọ́ kankan lọ́wọ́, nítorí kò mọ ohun tí a ń bèèrè lọ́wọ́ rẹ̀. Nítorí náà òòfà ara kò ní iṣẹ́ kankan láti ṣe nínú àwòrán ọmọdé, kò sì sí iṣẹ́ ọnà tí ó lè bẹ̀bẹ̀ fún un.

Ẹlòmíràn yóò wí pé, “Àwòrán kì í ṣe ìṣe. Ẹni tí ó ya apànìyàn kò pànìyàn.” Òtítọ́ ni fún ẹni tí ń fi pẹ́ńsù yà á láti inú ọkàn rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó mú kámẹ́rà dání kò lè ṣe é láìsí pé ẹnìkan dúró níwájú rẹ̀, ẹni tí ó ní ìyá, tí ó ní orúkọ, tí yóò wọ aṣọ rẹ̀ padà, tí yóò sì lọ sí ilé. Gbèsè tí ó jẹ ẹni yẹn kò parí nígbà tí àwòrán bá dára.

A kò sì fẹ́ tan ẹ̀yin òǹkàwé jẹ. Àwòrán Fani-Kayode kan wà, Bronze Head ti 1987, tí ó gbé ère orí idẹ bí irú ti Ifẹ̀ sí abẹ́ ìdí ọkùnrin. Inú bí wa nígbà tí a rí i. Àwọn kan wí pé bí ẹni tí ń bí baba ńlá rẹ̀ ni ara náà ṣe rí, pé ọmọ tí a lé jìnnà sí ilé ni ó ń bí ilé náà fún ara rẹ̀. A gbọ́ ọ, síbẹ̀ kò dùn mọ́ wa. Ṣùgbọ́n ìbínú wa kọ́ ni ààlà. Ẹni tí ó ya àwòrán náà mọ iyì orí tí ó gbé síbẹ̀ ju ọ̀pọ̀ nínú wa lọ, ènìyàn kan ni ó sì ń bá wa sọ̀rọ̀ nínú rẹ̀. A lè bá a jiyàn, ṣùgbọ́n a kò lè wí pé kò sí ẹnìkan níbẹ̀.

Ohun tí a rí nìyí. Òkùnkùn àwòrán kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀ rẹ̀, awọ àti okùn kì í sì í ṣe ẹ̀rí sí i. Níbi tí a bá ti sọ ènìyàn di nǹkan, tí a gba kọ́kọ́rọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, tí a kò sì bìkítà mọ́ bóyá ojú ń bẹ lórí ọrùn rẹ̀, ibẹ̀ ni ààlà wà.

Nígbà tí a dé ibí yìí nínú èrò wa ni a tún rántí yàrá tí àwa mẹ́ta jókòó sí. Ọ̀dọ́mọkùnrin náà dọ̀bálẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ títí dé òpin. Ó sọ̀rọ̀, a kò dá a lóhùn. A ń sọ̀rọ̀ ìwé náà lórí rẹ̀, a ń pè é ní “ọ̀ràn yìí,” kò sì sí ẹnìkan nínú wa tí ó ní kí ó dìde. Bí ẹnikẹ́ni bá bèèrè lọ́wọ́ wa lónìí bí ojú rẹ̀ ti rí ní ọjọ́ náà, a kò lè sọ, nítorí ẹ̀yìn orí rẹ̀ nìkan ni a rí. Nínú gbogbo ohun tí ó wà nínú ìwé tí a sun, a kò mọ èyí tí ó kọjá ààlà. Ohun tí àwa fúnra wa ṣe ni a mọ̀.

Nítorí náà, ẹ̀yin olùkọ́ àti òbí tí irú ọ̀ràn yìí lè bá lọ́la, a bẹ̀ yín: kí ẹ tó ṣí ìwé náà, kí ẹ sì tó pa á dé, ẹ kọ́kọ́ sọ fún ọmọ náà pé kí ó dìde. Ẹ wo ojú rẹ̀. Ibẹ̀ l'ọ̀rọ̀ wà.